Bẹ́líìtì Tí Bàbá Abẹ́rẹ́ Rán

Irọ́ mẹ́ta ni Bàbá Abẹ́rẹ́ pa fún ọmọ rẹ̀ obìnrin nítorí ọkọ̀ eré ìje yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àṣírí wọn sì tú kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ó pa wọ́n tó ṣú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti sọnù. Ọmọ náà lọ tààrà sí ìdí àpótí òwú rẹ̀, ó sì fà á jáde láàárín òwú dúdú àti òwú funfun. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun rí i tí òróró búréèkì ń jò sílẹ̀, ọmọ náà fi ìka tọ́ ohun tí ó dà sílẹ̀, ó gbé e sí imú, ó ní, "Bàbá, ọṣẹ ìfọṣọ màmá nìyí." Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yọ́ lọ bá ọ̀gá ibi tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun sọ pé taya ẹ̀yìn ti jẹ tán. Ọ̀gá náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó já irọ́ náà sí méjì mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ náà, tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀fúùfù, kò bínú. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí ẹ bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, màá kọ́kọ́ na ọwọ́ sójú fèrèsé ná."

"Kò burú," ni Bàbá Abẹ́rẹ́ wí. "Ọwọ́ tí o bá nà ni kí o rí i pé o fà padà."

Òkú ọkọ̀ pupa kan ni Ẹ̀fúùfù rà ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí dìde. Ènìyàn méjì péré ni ọkọ̀ náà ń gbà, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó nínú rẹ̀ fi lè na ọwọ́ jáde kí ó fọwọ́ kan ọ̀dà títì. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ní ni ó ti rọ sínú ẹ́ńjìnnì. Eré ìgunkè ni ó fẹ́ fi í sá ní ọjọ́ Sátidé: títì kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kọ́nà mọ́kànlélógún láti ẹsẹ̀ òkè dé orí òkè, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa dá gùn ní tirẹ̀, tí aago yóò sì ṣe ìdájọ́. Ẹgbẹ́ tí ó ni eré náà ti ṣèlérí pé àwọn mẹ́ta tí ó bá yá jù ni àwọn yóò gbà síṣẹ́ awakọ̀. Wọ́n sì ti kéde pé láti ọdún tí ń bọ̀, ọkọ̀ tí ó bá ti pẹ́ tó ti Ẹ̀fúùfù kò ní í wọlé mọ́. Bí kò bá gùn ún ní Sátidé yìí, kò tún gùn ún mọ́ láé.

Ẹ̀rù tí ó ń ba Bàbá Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Àga ọkọ̀ ni ó ti ń rán láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ tí ó ti forí sọ igi, tí wọ́n ń tún un kùn kí wọ́n tó tà á fún aláìmọ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó àga rẹ̀ wá. Ó mọ ohun tí òun máa ń fọ̀ kúrò lára fóòmù kí òun tó fi aṣọ tuntun bò ó. Kò sọ ọ́ fún aya, kò sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ̀yìn ilé ni ó ti máa ń fọ̀ ọ́, yóò sì da omi ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ jìnnà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹlẹ́dàá fún un. Ìgbàkígbà tí ó bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa yẹn, omi ẹ̀yìn ilé náà ni ó ń rí.

Nígbà tí irọ́ kò já mọ́ nǹkan, ó yí padà. Ó ní, "Ó dára. Níwọ̀n bí o ti kọ̀ láti jókòó sílé, jẹ́ kí n tún ibi tí ìwọ yóò jókòó sí ṣe."

Owó kò sí nílẹ̀ fún ohun èlò tí wọ́n ń tà nínú páálí dídán, nítorí náà ọgbà àlòkù ọkọ̀ ni bàbá àti ọmọ ń lọ. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ọwọ́ Bàbá Abẹ́rẹ́ kò dilẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà tí ó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn orí awakọ̀, èyí tí yóò gbé ọkọ̀ dúró bí ó bá dojú dé. Ó fi fóòmù tí wọ́n fi ń wé ọ̀pá omi wé e, kí orí ọmọ má baà kan irin. Ó yọ sípíríǹgì lára ilẹ̀kùn àtijọ́, ó so ó mọ́ èyí tí ń dá ẹsẹ̀ iná, irin tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, padà, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, èkejì yóò dúró. Ó gé awo irin mẹ́rin lára àmì ojú títì onírin kan tí wọ́n ti sọ nù, ó fi wọ́n sábẹ́ nọ́ọ̀tì àga, kí àga má baà hú kúrò nílẹ̀. Ó fi ọ̀já awọ méjì de bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ bí ẹni de bàtà. Ó so agolo apaná mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan awakọ̀, ní ibi tí ọwọ́ kan yóò ti lè fà á yọ.

"Bàbá," ni Ẹ̀fúùfù wí níjọ́ kan, tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ síta, "ó kù kí ẹ rán ìrọ̀rí mọ́ imú rẹ̀."

"Bí o bá gbà, màá rán an."

"Ẹ sì fi aṣọ ìbora sí i."

"Àwọ̀ wo ni o fẹ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, inú Bàbá Abẹ́rẹ́ sì dùn débi pé ó gbàgbé ìbẹ̀rù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Bẹ́líìtì ni ó fi ṣe àṣekágbá, nítorí òun nìkan ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì àwọn ọkọ̀ àlòkù, èjìká kan ni wọ́n wà fún. Awakọ̀ eré sì nílò èyí tí yóò gba èjìká méjèèjì kọjá, tí yóò gba itan méjèèjì, tí gbogbo rẹ̀ yóò pàdé níwájú ikùn. Ó gé bẹ́líìtì ọkọ̀ mẹ́rin, ó ń rán wọn pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ojú rírán rẹ̀ ni ọlá rẹ̀. Oníbàárà kan gbé àga padà wá rí pé ó ya kí oṣù kan tó pé, bàbá wo àga, ó wo oníbàárà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìdí rẹ ni kí o lọ bi léèrè. Má bi abẹ́rẹ́ mi." Láti ogójì ọdún tí ó ti wà lórí iṣẹ́ náà, etí kan kò gbọ́ ọ rí kí ó ní òun rán nǹkan kí ó má dára.

Ó mú abẹ́rẹ́ awọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí ọ̀bẹ, nítorí ohun tí ó nípọn ni abẹ́rẹ́ náà wà fún. Ó kọ́kọ́ fi àjákù kan dán an wò, ó rán an pọ̀ ní ìlà méje, gbogbo rẹ̀ ní ìbú, ó sì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí èèrà kò fi lè rí àyè yọ́ kọjá. Ó so ó mọ́ igi àtíbàbà iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn, ó sì mì dirodiro níbẹ̀ bí èso lórí igi. Kò já. Ó wá rán ti ọkọ̀, ti awakọ̀ àti ti ẹni tí ó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bákan náà gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkùnrin tí ẹgbẹ́ yàn láti yẹ àwọn ọkọ̀ wò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onípáálí nítorí páálí ìkọ̀wé tí kì í kúrò ní abíyá rẹ̀, fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán náà, ó sì mi orí. "Eré kékeré ni tiwa, òfin wa kò le. Ṣùgbọ́n ta ló rán èyí? Ó lẹ́wà ju ti ilé iṣẹ́ lọ." Ẹ̀fúùfù fi ọwọ́ tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ dojú kọ ilẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi délé, ó ti sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́sàn-án.

Òwúrọ̀ Sátidé, Ẹ̀fúùfù ti lọ kí oòrùn tó yọ. Bàbá Abẹ́rẹ́ kò bá a lọ. Ó ní ọkàn òun kò gbà á. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó di sísọ́ọ̀sì mú, kò sì gé nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá Ẹ̀fúùfù jókòó sí, òun náà di ẹ̀wù tí kò rán mú. Nígbà náà ni Káfíńtà, aládùúgbò wọn, yọ sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ó mú nǹkan méjì tí ń jù fìrìfìrì lọ́wọ́.

"Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ gba ẹrù yín o! Mo rí i lórí àtíbàbà yín lánàá, mo ní kí n yá a. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ló kó sí gọ́tà pẹ̀lú pákó nínú rẹ̀. Mo so àjákù bẹ́líìtì yìí mọ́ ìdí ọkọ̀ mi, mo ń fà á. Ó gbà á, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wá tẹ iná lójijì... fàáà! Bí ẹni ya ìwé rìsíìtì." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé ibi tí ó ti gbó ni yóò ti já. Rárá o! Ibi tí ẹ̀yin rán gan-an ni, ìlà kan ṣoṣo, ó gún régé. Bàbá, kódà ó já dáadáa!"

Bàbá Abẹ́rẹ́ gba àjákù méjèèjì. Ó gbé etí ibi tí ó ti já sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ihò tò sí ẹ̀gbẹ́ ihò, bí èyí tí wọ́n lu sí ara ìwé kí yíya rẹ̀ lè rọrùn. Ní etí ihò kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán bẹ́líìtì ti gé, ó mú ṣáṣá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yé e bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ń la ọ̀nà fún ara rẹ̀ nínú awọ, fọ́nrán ni ó ń gé nínú bẹ́líìtì. Bí ojú rírán bá sì ti súnmọ́ra tó ni yóò ti gé tó. Fífà jẹ́jẹ́, yóò gbà á. Gbígbọ̀n lójijì, bíi ti ọkọ̀ tí ó kọlu nǹkan, kò lè gbà á. Ẹwà tí Onípáálí yìn, àwọn ihò yẹn gan-an ni.

Ìyá Ẹ̀fúùfù ti dìde. "Ṣé bí èyí ṣe rí ni ti èjìká ọmọ yẹn ṣe rí?"

"Ara ọkọ̀ jàǹbá ni a ti yọ bẹ́líìtì yẹn," ni bàbá wí. "Ó ṣeé ṣe kí ó ti..."

"Èmi ò bi yín ní ti bẹ́líìtì. Ojú rírán ni mo bi yín."

Bàbá yí kiri nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàtà rẹ̀ ni ó ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wà nínú bàtà.

"Baálé mi," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, "ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni ẹ rán sínú rẹ̀."

Wọ́n pe fóònù Ẹ̀fúùfù títí. Inú àpótí irinṣẹ́ ni ó máa ń jù ú sí bí ó bá fẹ́ wakọ̀. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé bàbá sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ọkọ̀ tí ń wúkọ́ kí ó tó gba orí títì, wọ́n sì dojú kọ òkè. Gbogbo iná ojú títì ni ó dá wọn dúró. Bàbá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ lu iwájú ọkọ̀ bí ẹni lu ẹṣin, ó ń sọ pé, "Káfíńtà, jọ̀ọ́, Káfíńtà, jọ̀ọ́," títí Káfíńtà fi ní, "Bàbá, bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ jù báyìí lọ, ẹsẹ̀ mi yóò kan títì." Ní ẹsẹ̀ òkè, okùn ti dí ọ̀nà. Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó sì ń sáré gun òkè lọ, ọkùnrin ọdún méjìdínláàádọ́rin tí kò sáré láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àjákù bẹ́líìtì sì ń nà án ní itan.

Ó rí ọkọ̀ pupa náà. Ọkọ̀ mẹ́rin ni ó wà níwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì-méjì sì ni wọ́n fi ń tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù ti wọ àṣíborí, bẹ́líìtì ti fún un mọ́ àga pinpin.

"Bọ́ sílẹ̀!" Èémí ni ó kù lẹ́nu bàbá. "Ọmọ mi, bọ́ sílẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn kò dára."

Ojú ọmọ náà le lábẹ́ àṣíborí. "Ẹ tún ti dé, Bàbá."

"Ó ti gbó. Oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹni tí ó tà á fún wa ní ọgbà àlòkù, olè ni. Wò ó, wo àjákù rẹ̀!" Ó na èyí tí ó já sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ sọnù. Búréèkì ń jò. Taya ti jẹ. Ó wá kan bẹ́líìtì." Ẹ̀fúùfù kò wo ohun tí ó nà sí i. "Sísọ́ọ̀sì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, Bàbá. Ohun tí sísọ́ọ̀sì lè gé ni ẹ mú wá fún mi."

Ọkọ̀ kan bú, ó lọ. Ó ku mẹ́ta. Onípáálí ti dé ibẹ̀. "Bàbá, mo yẹ̀ ẹ́ wò lánàá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní ó ti gbó! Ẹ fà á wò! Ẹ fa ti ẹ̀gbẹ́ yìí, bákan náà ni wọ́n."

Àwọn ọkùnrin méjì tí ó sìgbọnlẹ̀ súnmọ́ wọn. Wọ́n di bẹ́líìtì àga ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n ta ẹsẹ̀ wọlẹ̀, wọ́n fà á. Bàbá Abẹ́rẹ́ ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ ọwọ́ òun já. Ọkọ̀ mì, àga dún, ojú àwọn ọkùnrin náà pọ́n. Ojú rírán dúró gbọn-in. Ọkọ̀ mìíràn lọ lójú wọn. Ó ku méjì.

"Bàbá, ẹ rán an le jù!" ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń nu òógùn. "Ẹ bá mi rán bẹ́líìtì ṣòkòtò mi, ìyàwó mi ní kì í dúró." Àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Onípáálí gbá bàbá léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ wá jókòó síbòòji. Ọkàn òbí ni. Gbogbo wa la ní i."

Ẹ̀fúùfù fa dígí àṣíborí wálẹ̀. Bí ọkọ̀ kẹta ti lọ, ó tẹ iná, ọkọ̀ pupa sì sún síwájú. Ó ku ọ̀kan.

Bàbá Abẹ́rẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ó ti dárúkọ oòrùn, ó ti dárúkọ ọkọ̀ jàǹbá, ó ti pe ẹni ẹlẹ́ni ní olè. Gbogbo ayé ni ó ti kó ẹ̀bi náà fún, ẹ̀bi náà sì ń padà wá bá a. Ọkọ̀ tí ó wà níwájú gbéra, ó fi èéfín sílẹ̀. Ẹni tí ó di àsíá mú juwọ́ pé kí pupa ó wá.

"Bẹ́líìtì náà kò gbó!" ni bàbá ké. "Èmi ni mo bà á jẹ́! Abẹ́rẹ́ awọ ni mo fi rán an, ó gé e. Èmi ni mo gé e, ihò kọ̀ọ̀kan. Ojú rírán mi kò dára!" Ó yí sí Onípáálí àti sí gbogbo ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sínú páálí yín! Ẹni tí ó rán an ló ní kò dára! Mi ò mọ̀ ọ́n rán!"

Àsíá ti wà lókè. Ọkọ̀ pupa ń gbọ̀n lórí taya rẹ̀. Ẹ̀fúùfù yí orí díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé dígí sókè.

"Ẹ tún un sọ."

"Ojú rírán mi," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ, "kò dára."

Ọmọ náà na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Kò sí bẹ́líìtì mìíràn tí ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yìí mu. Onípáálí bi àwọn awakọ̀ yòókù léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó bojú wo aago, lẹ́yìn náà ó fa ìlà kọjá lórí nọ́ńbà ọmọ náà, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ẹ̀fúùfù tú bẹ́líìtì, ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ àṣíborí. Irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ó gba àjákù ọwọ́ bàbá rẹ̀ báyìí, ó gbé ibi tí ó ti já súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé?"

"Ẹnu mi ni kò gbà á."

"Ọkọ̀ mẹ́rin ló lọ, Bàbá, tí ẹ ń bá ẹnu yín jà." Ó dá àjákù náà padà fún un. "Ká ní èmi ni mo wà níwájú wọn ńkọ́?"

Wọ́n ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn ń dúró. Gẹ̀rẹ́ òkè gan-an ni títì náà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀fúùfù na ọwọ́ kan gba ojú ilẹ̀kùn, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì tú búréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ lọ sí ìdí ọkọ̀, ó fi èjìká tì í kí ó má baà yọ̀ lọ.

"Ẹ kúrò lẹ́yìn rẹ̀," ni ọmọ náà wí, kò yíjú padà. "Bí ó bá já mọ́ mi lọ́wọ́, orí yín ni yóò gùn."

"Máa dà á bọ̀. Mo ti gbá a mú."

"Bàbá, mo ní kí ẹ kúrò níbẹ̀!"

Kò kúrò. Lókè, ọkọ̀ tí ó gba ipò wọn ti bú lọ sí kọ́nà àkọ́kọ́, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo òkè kan. Àwọn méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń sunkún lórí ìdarí, bàbá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, wọn kò sì rí ojú ara wọn.